Ẹ KA ẸNU ÌJÁDE KÍ Ẹ TÓ KA ẸNU ÌWỌLÉ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹ̀ka Kabawa bá ìpàdé sọ lórí míksà tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà fún àwọn ọmọ olórin wa

  

Iṣẹ́ ni ẹ rán mi ní ìpàdé tó kọjá. Àwọn àgbà sì sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ẹ ní kí n lọ wádìí irú míksà tí agbára owó ẹgbẹ́ lè ká, tí àwọn ọmọ olórin wa yóò fi máa gbọ́ ara wọn nínú íápíìsì nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Mo ti wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹjọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò, ẹjọ́ ara mi ni.

Gbogbo yín ni ẹ rántí pé èmi ni mo ra míksà tí à ń lò lónìí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ dá owó jọ, ẹ kó o lé mi lọ́wọ́, ẹ ní oníṣòwò ni mí, wọn kò ní lè rẹ́ mi jẹ. Mo wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Mo dé ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí ẹ̀rọ tí iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń tàn lójú rẹ̀ bí ọjọ́ Kérésìmesì. Ó ní ẹnu ìwọlé méjìlá. Èmi tí mo ń ta gàrí àti ẹ̀wà, ìṣirò mudu ni mo mọ̀. Mo pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà méjìlá, mo rí i pé ọ̀pọ̀ ni. Mo sanwó, mo gbé e wálé, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi nínú yàrá yìí gan-an.

Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, àwọn ọmọ náà tu owó jọ láàárín ara wọn, wọ́n ra íápíìsì mẹ́rin àti àpótí kékeré kan tí ó ní ihò mẹ́rin. Wọ́n ki gbogbo rẹ̀ bọ míksà tí mo rà. Kí ni wọ́n gbọ́? Ohun kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́. Akọrin ní, “Ẹ fi ohùn mi kún un.” Wọ́n fi kún un, onígìtá pariwo pé òun kò gbọ́ gìtá òun mọ́. Wọ́n gbé gìtá sókè, onígángan bọ́ tirẹ̀ kúrò létí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìgbéyàwó tí a ṣe lẹ́yìn ọdún Iléyá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lórí ìtàgé níwájú ìyàwó. Ohùn akọrin wa há fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí pé igbe ni ó ń ké láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Ọmọ tí ń lu dírọ́ọ̀mù sì sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ pé bí òun bá sùn lóru, etí òun a máa hó bí kẹ́tù tí ó wà lórí iná.

Àṣìṣe yẹn, tèmi ni. N kò ní dá ẹni tó tà á lẹ́bi, ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tà fún mi. Mo béèrè iye ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé. N kò béèrè iye ọ̀nà tí ó ń gbà jáde. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Àwọn bàbá wa kan béèrè ní ìpàdé tó kọjá pé kí ló dé tí ọmọ tí etí rẹ̀ kò di yóò fi ki nǹkan bọ etí kí ó tó lè kọrin, nígbà tí àwọn tí ó kọrin fún wọn nígbà èwe kò ki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí Tunde King ń ṣe jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n, nínú pálọ̀ ẹni tó pè wọ́n, kò sì sí iná mànàmáná nínú ohun èlò wọn. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ wọn lè gbọ́ bí wọ́n ti ń mí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá wọ inú jùjú. Nígbà náà ni gángan sì rí àyè wọlé, nítorí pé gìtá àti ohùn ènìyàn ti ní agbára tí ìlù kò fi lè bò wọ́n mọ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí I. K. Dairo gba oyè MBE ní 1963, iná ti wọ inú orin náà. Nígbà tí King Sunny Adé sì gbé àwo rẹ̀ Juju Music jáde ní 1982, ọ̀pọ̀ gìtá àti ọ̀pọ̀ gángan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí agbo ṣe ń tóbi sí i ni ariwo ń pọ̀ sí i, bí ariwo sì ṣe ń pọ̀ ni olórin ń wá ohùn ara rẹ̀ tì.

Ẹ wo bí ìtàgé ti rí. Sípíkà ńlá kọjú sí èrò, ó kọ ẹ̀yìn sí olórin. A wá gbé sípíkà mìíràn sílẹ̀ níwájú olórin, kí òun náà lè gbọ́. Ṣùgbọ́n dírọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀, gángan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ańpù gìtá ń hó. Olúkúlùkù ní kí wọ́n gbé tòun sókè. Bí wọ́n bá ti gbé e sókè tó, máíkì yóò gbọ́ sípíkà, sípíkà yóò gbọ́ máíkì, ẹ óò sì gbọ́ igbe tíín-ín tí ó máa ń lé àwọn àlejò dìde nídìí àwo oúnjẹ wọn.

Íápíìsì ni wọ́n fi yanjú èyí. Ní Amẹ́ríkà, ní 1995, Jerry Harvey tí ń bójú tó ohùn fún ẹgbẹ́ Van Halen ṣe irú rẹ̀ fún Alex Van Halen tí ń lu dírọ́ọ̀mù wọn, ilé iṣẹ́ Ultimate Ears sì ti ibẹ̀ dìde. Ohun tí àwọn olówó nìkan ń lò nígbà náà ti wọ́ wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa mẹ̀kúnnù. Rọ́bà rẹ̀ yóò dí etí, ariwo ìta yóò dínkù, ìwọ̀nba ohùn tí olórin nílò ni yóò sì wọlé. Bí rọ́bà náà kò bá dí etí dáadáa, ìró tó wúwo, irú ti béèsì, yóò sọnù, olórin yóò sì máa gbé e sókè láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà kí olúkúlùkù wá rọ́bà tó bá ihò etí tirẹ̀ mu. Kò wọ́nwó rárá.

Ní ti etí híhó, kí a má fi ṣeré. Àjọ NIOSH, tí ń ṣe ìwádìí lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, fi òté lé e pé ariwo tó tó 85 lórí òṣùwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wákàtí 8 ni ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé sí i, kí a gé wákàtí náà sí méjì: 88, wákàtí 4; 91, wákàtí 2. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹ wo òkú àgbà tí a ń ṣe láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé íápíìsì fúnra rẹ̀ ni oògùn. Bí ọmọ náà bá tún gbé e sókè nínú etí, ohun tó sá fún níta ni ó mú wọlé. Ẹni tó bá sì fi ẹyọ kan sétí tí ó yọ ìkejì sílẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí pé etí tí ó ṣí yóò máa gba ariwo, òun yóò sì máa gbé ti inú etí kejì sókè kí ó lè borí rẹ̀.

Ó wá kan míksà wàyí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ yé. Ẹ fi ojú inú wo ìkòkò ọbẹ̀ kan. Gbogbo ohun tó wọ inú míksà ni ó wà nínú ìkòkò náà: ohùn akọrin, gángan, gìtá, gbogbo rẹ̀. Ọbẹ̀ tí a bù fún èrò ni ó ń gba ọ̀nà sípíkà ńlá jáde. Ṣùgbọ́n nínú ilé, bàbá fẹ́ ata, ọmọdé kò jẹ ata, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀. Ẹ nílò abọ́ ọ̀tọ̀ fún olúkúlùkù, níbi tí a óò ti se tirẹ̀ bí ó ti fẹ́. Abọ́ ọ̀tọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní aux lára míksà. Bí míksà bá ní aux kan, abọ́ kan ni. Bí ó bá ní mẹ́rin, abọ́ mẹ́rin. Àpótí oníhò mẹ́rin tí àwọn ọmọ wa rà kò fi abọ́ kún abọ́. Ṣíbí mẹ́rin ni ó kì bọ inú abọ́ kan. Ẹ kò lè fi iyọ̀ sí ti ẹnì kan kí ó má kan àwọn yòókù.

Iye tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ ẹ̀rọ ni ó máa ń tan ni jẹ. Ẹ wo ti Yamaha tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. MG10XU: 10 yẹn, ẹnu ìwọlé ni; aux rẹ̀ jẹ́ 1. MG12XU ní 2. MG16XU ní 4. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ka èyí tí ń gbé ohùn lọ sínú ẹ́kò mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó dára ni wọ́n, wọ́n sì lágbára. Bí ó bá jẹ́ ìwàásù àti ẹgbẹ́ akọrin ni, ẹ má wá òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá abọ́ ọ̀tọ̀ fún ènìyàn mẹ́fà kò lè rí i níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju iye lọ. Lára aux kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bóyá wọ́n kọ PRE síbẹ̀, tàbí kí bọ́tìnì kan wà tí a ń tẹ̀ tí yóò fi di PRE. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohùn kúrò ní ìkòkò lọ sínú abọ́ olórin kí ó tó dé ibi tí a ti ń gbé e sókè fún èrò. Bí kò bá jẹ́ PRE, POST ni, gbogbo ohun tí a bá sì ṣe sí ti èrò ni yóò hàn nínú etí olórin. Ẹ rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún onígángan. Ọmọ tó wà nídìí míksà yọ̀, ó ti gángan sókè fún gbogbo àwùjọ. Akọrin fò sókè, ó já íápíìsì kúrò létí bí ẹni tí agbọ́n ta. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ijó ni. POST ni ọ̀ràn náà, bọ́tìnì PRE sì wà lára ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò mọ ohun tí PRE túmọ̀ sí, n kò sì béèrè.

Ọmọkùnrin kan tí ń bójú tó ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ó là mí lọ́yẹ̀. Mo jókòó tì í fún Sátidé mẹ́ta. Ó ní kí n má tíì dárúkọ ẹ̀rọ kankan, kí n kọ́kọ́ lọ kọ orúkọ àwọn olórin wa sílẹ̀, kí n sì kọ ohun tí ń wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètí tí yóò gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ń wọlé nìyí: akọrin, máíkì 1, àwọn elégbè méjì, máíkì 2, gángan, máíkì 1, dírọ́ọ̀mù, máíkì 2, ọ̀kan fún ìyá ìlù rẹ̀ tó wà nílẹ̀, ọ̀kan lókè orí rẹ̀, alága ìjókòó tàbí olóòtú ètò, máíkì 1. Ó di 7. Mo fi ìkẹjọ kún un, n óò sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Gìtá gba ẹnu 1, kíbọ́ọ̀dù gba 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11. Ní ti etí, ènìyàn méje ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn elégbè méjì lè jẹ nínú abọ́ kan, ohun kan náà ni wọ́n nílò. Abọ́ mẹ́fà ni a wá.

Máíkì ìkẹjọ yẹn, àwùjọ ni mo fẹ́ kí a kọ ọ́ sí. Èyí kò sí nínú ohun tí ọmọ náà sọ fún mi. Orin tiwa ni ó kọ́ mi. Bí rọ́bà bá dí etí akọrin, kò ní gbọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn láti sọ oríkì bàbá tó ń jó bọ̀. Kò ní gbọ́ bí àwọn èrò ṣe ń gbe orin. Akọrin Yorùbá tí kò gbọ́ ẹni tó ń náwó fún un, kí ni ó ń kọ? Ẹ jẹ́ kí máíkì kan kọjú sí àwùjọ, kí ó máa lọ sínú etí àwọn olórin nìkan, kí ó má lọ sí sípíkà ńlá rárá. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ orúkọ fún akọrin, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo wá gbé ìwé ìṣirò mi lọ síwájú àwọn ẹ̀rọ. Àwọn kan wà tí Behringer kéde ní 2014, orúkọ wọn ni XR12, XR16 àti XR18. Àpótí kékeré ni wọ́n, kò sí ohun tí a ń tì sókè sódò lójú wọn. Inú táblẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù ni a ti ń darí wọn. XR12 ní ẹnu máíkì 4, aux rẹ̀ sì jẹ́ 2; kò kàn wá. XR16 ní ẹnu máíkì 8 àti aux 4. XR18 ní ẹnu máíkì 16 àti aux 6. Ẹ̀yà kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Midas MR18, iye ẹnu rẹ̀ bá ti XR18 dọ́gba. Olórin kọ̀ọ̀kan lè fi fóònù tirẹ̀ se ọbẹ̀ inú abọ́ tirẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, igbe “ẹ gbé tèmi sókè” yóò sì dópin. A tún lè fi ìdènà sí aux kọ̀ọ̀kan, kí ohùn má kọjá ibi tí a fẹ́ kí ó dé nínú etí ọmọ ẹni. Lójú tèmi, ìdènà yẹn nìkan tó owó náà.

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ fẹ́ kí a ra èyí tí owó rẹ̀ kéré, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. XR16 lè gbà wá, ṣùgbọ́n ó gbà wá típẹ́típẹ́. Máíkì 8 tí ó ní ni a nílò, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù. Abọ́ 4 ni ó ní, a ó sì ní láti pín in: akọrin gba ọ̀kan, onígángan gba ọ̀kan, elégbè àti onígìtá jẹ pọ̀, oníkíbọ́ọ̀dù àti onídírọ́ọ̀mù jẹ pọ̀. Ó ṣeé ṣe. N kò ní parọ́ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú fèrè kan kún orin wọn lọ́la, a ó tún pàdé nínú yàrá yìí. Ẹni tó ra bàtà tó há ọmọ rẹ̀ ní oṣù kan náà ni yóò ra òmíràn ní oṣù kejì. XR18 ni mo fẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá ní owó kò tó, kí a mú XR16, kí a sì kọ bí wọn yóò ti máa jẹ pọ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ìjà má baà tún ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé.

Owó míksà nìkan kọ́ o, ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ohùn tó ń ti ẹnu aux jáde kò lè ru íápíìsì fúnra rẹ̀. Ańpù kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn fún olúkúlùkù, irú èyí tí a lè fi kọ́ bẹ́líìtì. Behringer ń ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní P1 àti P2, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe é. Bátìrì ni wọ́n ń jẹ, nítorí náà ẹ yan ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bátìrì. Bí a kò bá yàn án, gbogbo wọn yóò rò pé ẹlòmíràn ti rà á. Ẹni tó jókòó sójú kan, onídírọ́ọ̀mù, oníkíbọ́ọ̀dù, kí ni ó fẹ́ fi èyí tí kò ní wáyà ṣe? Wáyà gígùn tó fún un, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Akọrin àti onígángan tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá olówó láàárín èrò nìkan ni kí a ra èyí tí kò ní wáyà fún. Kódà nínú ìyẹn, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú ń lo ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà tí Wi-Fi ń lò, ìyẹn 2.4, wọn a sì máa dí ara wọn lọ́wọ́. Wi-Fi tó wà nínú míksà náà kò lágbára níbi tí igba fóònù bá péjọ sí. Kí a ra ráútà kékeré lọ́tọ̀, kí a fi wáyà so ó mọ́ míksà, kí a sì gbé e sórí 5. Bí táblẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ já kúrò, ohùn kò ní dákẹ́. Bí ó ti wà ni yóò wà títí a ó fi tún so ó pọ̀.

Iná ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Míksà irú èyí dà bíi kọ̀ǹpútà, bí iná bá lọ tí ó sì dé, ó ní láti tún jí kí ó tó ṣiṣẹ́, àwùjọ yóò sì máa wò wá. Ẹ jẹ́ kí a ra UPS kékeré tí yóò gbé e títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn. Kò jẹ iná púpọ̀, sípíkà ni ó ń jẹ ẹ́. Kí àwọn ọmọ sì máa yọ íápíìsì kúrò létí kí a tó tan ẹ̀rọ tàbí kí a tó pa á, nítorí pé ìró “pàá” kan máa ń jáde nígbà náà tí kò yẹ kí ó bá etí lára.

Ibi tí a ó máa kó o sí náà ń kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kabawa ní 2012 àti ní 2022 kò nílò àlàyé lọ́dọ̀ mi. Odò Ọya kì í kan ilẹ̀kùn. Ní 2022, ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yìí, orí ni mo fi rù ú jáde. Ẹ má jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ yìí sí yàrá ìsàlẹ̀ láti oṣù kẹjọ títí di oṣù kọkànlá. Ìyá wa kan tí ilé rẹ̀ wà lókè lọ́nà Òkè Pátì ti gbà pé òun yóò fún wa ní àyè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bí wọ́n bá pe àwọn ọmọ wa sí gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kí wọ́n má bá onígbọ̀ngàn jà. Kí wọ́n ki gbogbo ohun èlò wọn bọ míksà tiwa, kí wọ́n fa wáyà méjì láti ẹnu ìjáde ńlá rẹ̀ fún onígbọ̀ngàn, ó tán.

Títí a ó fi ra tuntun, èyí tí mo rà kò wúlò tán. Aux rẹ̀ kan ṣoṣo náà, a ti tẹ PRE rẹ̀ báyìí, akọrin nìkan ni a fún. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kò tíì pariwo. Bí tuntun bá dé, kí a fi èyí sílẹ̀ fún ìpàdé wa àti fún ètò àwọn ìyá, nítorí máíkì méjì ni wọ́n máa ń lò.

Àbá mi nìyí, Alàgbà Alága. Kí a kọ́kọ́ ra míksà, ráútà, UPS, àti ańpù oníwáyà mẹ́rin: ti onídírọ́ọ̀mù, ti oníkíbọ́ọ̀dù, ti onígìtá àti ti akọrin. Bí a bá tún rí owó, kí a ra ti onígángan àti ti àwọn elégbè. Èyí tí kò ní wáyà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ má sì rán èmi nìkan lọ mọ́. Kí onídírọ́ọ̀mù tẹ̀ lé mi, kí ọmọkùnrin oníṣẹ́ ohùn tí mo sọ náà sì bá wa lọ bí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá yọ̀ǹda rẹ̀. A ó mú máíkì kan àti íápíìsì kan lọ́wọ́ láti ilé. A ó ki íápíìsì bọ ẹnu aux kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ańpù rẹ̀, láti ìkínní dé ìkẹfà, a ó sì gbọ́ ohùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Bí onítajà bá ní kò sí iná, a ó dúró títí iná yóò fi dé.

Iye owó tí mo gbà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta wà lọ́wọ́ Akápò. Mo kọ ọjọ́ tí mo gbà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé náírà kì í dúró sójú kan. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ olórin fúnra wọn sọ̀rọ̀ kí a tó na ọwọ́ sókè, kí ó sì jẹ́ onídírọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Mo jókòó o.